Iṣẹ́ Tí Màmá Fọ́ọ̀màn Kọ̀wé Fi Sílẹ̀ Kó Tó Rí I Gbà

Wọ́n ní Màmá Fọ́ọ̀màn wọ ọ́fíìsì Éjẹ́ǹtì lọ́sàn-án gangan, ó na ọmọkùnrin náà nínà, ó sì fi í sórí ìkúnlẹ̀ bí ọmọ iléèwé tó jí ṣúgà. Irọ́ ni. Kò sẹ́ni tó na ẹnikẹ́ni. Ìkúnlẹ̀ nìkan ló jóòótọ́ níbẹ̀. Ìyá aránṣọ tó wà lódìkejì títì ló rí i láti ojú fèrèsé, tó wá fi ẹnu ara ẹ̀ rán ìyókù mọ́ ọn. Bó ṣe jẹ́ gan-an nìyí, Màmá Fọ́ọ̀màn fúnra ẹ̀ ló sì sọ ọ́, tó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú ẹ̀.

Ṣé ẹ mọ Éjẹ́ǹtì? Ọmọkùnrin onítáì pupa yẹn ni, tó ń bá ẹni tí ò níṣẹ́ wáṣẹ́, tó sì ń bá ẹni tó níṣẹ́ wá òṣìṣẹ́. Yàrá kan ṣoṣo ni ọ́fíìsì ẹ̀, lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta ọ̀dà. Tábìlì kan, àga méjì, fáànù kan tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan ló máa ń yíjú sí, bí ẹni tó ń bínú. Màmá Fọ́ọ̀màn ní tiẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́ olórí àwọn agbálẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ọṣẹ, kí ilé-iṣẹ́ náà tó kógbá sílé. Éjẹ́ǹtì ti rán an lọ síbi iṣẹ́ méjì. Àwọn méjèèjì ló dá a padà.

"Màmá, ẹ jókòó."

Màmá Fọ́ọ̀màn jókòó. Ó fi ìka kan nu ojú tábìlì, ó gbé ìka náà sókè, ó wò ó.

"Ẹ wò ó! Ẹ wò ó! Ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ń dá yín padà nìyẹn!"

"Kí ni mo ṣe?"

"Ìka! Ìka yín yẹn! Bàbá oníhòtẹ́ẹ̀lì ní ẹ ò tíì kí òun tán tẹ́ ẹ ti fi ìka gba orí kọ́bọ́ọ̀dù òun kọjá."

"Irọ́ ni, mo kí i dáadáa. Ṣé ìka ni mo fi ń kí èèyàn ni?"

"Ìyá oníléèwé ńkọ́? Wọ́n lẹ́ ẹ bi wọ́n pé ta ló ń gbálẹ̀ ibẹ̀."

"Mo bi wọ́n. Wọ́n ní àwọn fúnra àwọn ni."

"Kí lẹ wá sọ?"

"Mo ní ó hàn."

Éjẹ́ǹtì di orí mú. Ó tú táì ẹ̀ díẹ̀, ó tún un so.

"Màmá, ẹ gbọ́ mi. Iṣẹ́ tiwa níbí, àárín la dúró sí. Ẹni tó ń wáṣẹ́ ò mọ ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́. Ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́ náà ò mọ ẹni tó ń wáṣẹ́. Àwa la mọ tọ̀tún-tòsì."

"O mọ ìyá oníléèwé yẹn?"

"Mo mọ̀ wọ́n dáadáa."

"O ti dé ibẹ̀ rí?"

"Lórí fóònù ni mo ti mọ̀ wọ́n, Màmá! Kì í ṣe ìyẹn là ń sọ. Òfin wa ni pé ẹni tí wọ́n bá dá padà lẹ́ẹ̀mẹta, a ò ní wáṣẹ́ fún un mọ́ láéláé, kí wọ́n má baà sọ pé ọjà tí ò dáa là ń tà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni tiyín. Ọsibítù tó ń wá olórí agbálẹ̀ yẹn, ọ̀la lẹ máa lọ rí wọn. Ibẹ̀ nìkan ló kù o."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Màmá Fọ́ọ̀màn lára. Ó fa àga ẹ̀ súnmọ́ tábìlì.

"Ọmọ mi, dákun. Bí tọ̀la bá bọ́, ọkọ mi ni mo máa padà sílé lọ bá."

"Ṣé Bàbá ò dáa ni?"

"Ó dáa! Dídáa ẹ̀ ló ń pa mí. Ibi tí wọ́n ti ń wọn ẹrù ló ti ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìntì. Ní báyìí tí kò rí ẹrù wọ̀n mọ́, èmi ló ń wọ̀n. Bí mo bá gbé omi kaná, á ní ó pọ̀ jù. Bí mo bá bu iyọ̀, á ní kí n dá díẹ̀ padà. Láàárọ̀ yìí, mo kàn sín, ó wò mí títí, ó ní èyí wúwo ju tàná lọ."

"Háà, Màmá."

"Ọ̀kan nínú wa á kó jáde níbẹ̀ láìpẹ́. Èmi ò sì ní kó jáde. Òun náà ò ní kó jáde. Ṣó o ti rí wàhálà náà báyìí?"

Éjẹ́ǹtì dìde, ó pàtẹ́wọ́ bí olùkọ́.

"Ó dáa. Màá kọ́ yín. Eré la máa fi ṣe. Èmi ni ìyá tó ni ọsibítù, ẹ̀yin lẹ wá wáṣẹ́. Ẹ jáde, ẹ kanlẹ̀kùn, ẹ wọlé, ká bẹ̀rẹ̀. Ṣó yé yín?"

"Ó yé mi."

Màmá Fọ́ọ̀màn gbé báàgì ẹ̀, ó jáde. Éjẹ́ǹtì jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ bí ìyá olówó. Ó dúró. Ó dúró títí. Kò gbọ́ kíkàn ilẹ̀kùn. Nígbà tó yọjú, Màmá Fọ́ọ̀màn ló bá lórí àtẹ̀gùn, tó ká ọwọ́ lẹ́rán.

"Màmá! Kí lẹ̀ ń ṣe níbí?"

"Mò ń dúró."

"Ẹ ń dúró de kí ni?"

"Ṣebí ọsibítù ni. Ta ló máa ń dé ọsibítù tó máa ń wọlé lójú ẹsẹ̀?"

"Wọ́n ti pè yín! Ẹ wọlé!"

Màmá Fọ́ọ̀màn wọlé, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó yí ohùn padà, ó rọra.

"Ẹ káàsán mà."

Éjẹ́ǹtì fún ọ̀fun ẹ̀ pọ̀, ohùn ẹ̀ wá tín-ín-rín bí ti ẹ̀fọn. "Ẹ̀n-ẹ́n. Ìwọ ni wọ́n rán wá. Ẹni tó ṣe é gbẹ̀yìn níbí, olè ni. Ṣé ìwọ náà kì í jalè?"

Màmá Fọ́ọ̀màn wò ó. Ó gbé báàgì ẹ̀. Ó dìde.

"Ẹ ṣeun mà. Mi ò ṣe mọ́."

"Kí lẹ ò ṣe mọ́?"

"Iṣẹ́ náà. Mo ti fi sílẹ̀. Ọlọ́run á bá yín wá ẹlòmíì."

Éjẹ́ǹtì fò dìde, ohùn tín-ín-rín yẹn sì bọ́ lọ́rùn ẹ̀. "Màmá, èmi ni o! Èmi Éjẹ́ǹtì!"

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Ìwọ ò ṣe nǹkan kan fún mi. Ìyá yẹn ni mi ò lè bá ṣiṣẹ́."

"Kò sí ìyá kankan níbí!"

"Ẹni tí ò sí ti ń pe èèyàn lólè, bó bá wá wà ńkọ́?"

"Màmá, mo kàn fẹ́ mọ bẹ́ ẹ ṣe máa dáhùn ni!"

"Bí mo ṣe máa dáhùn náà nìyẹn."

"Ẹ ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí i gbà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"Kó bẹ̀ mí."

"Kí ta bẹ̀ yín?"

"Ìyá ọsibítù. Kó bẹ̀ mí kí n tó jókòó."

Éjẹ́ǹtì wo òkè, ó wo ilẹ̀. Ó fún ọ̀fun pọ̀. "Ẹ má bínú. Mo ṣì í sọ ni."

"Ó ti tán mà. Ẹ ṣáà má sọ irú ẹ̀ sí ẹlòmíì." Màmá Fọ́ọ̀màn jókòó, ó fẹnu sí Éjẹ́ǹtì létí. "Ó mà níwà díẹ̀. Mi ò mọ̀."

"Ká máa bá a lọ! Ìyá ní: 'Kí ló dé tó o fi fẹ́ ṣiṣẹ́ níbí?'"

"Torí ọkọ mi ni mà."

"Rárá! A kì í dárúkọ ọkọ níbẹ̀! Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ràn iṣẹ́ náà."

"Ta ló fẹ́ràn kó máa gbálẹ̀? Ilẹ̀ tó mọ́ ni mo fẹ́ràn."

Éjẹ́ǹtì na ìka sí i. "Ìyẹn dáa! Ìyẹn dáa gan-an! Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún wọn."

"Mo ti sọ ọ́."

"Èmi lẹ sọ ọ́ fún. Ẹ sọ ọ́ fún ìyá."

"Ṣebí ó jókòó síbẹ̀ nígbà tí mò ń sọ ọ́."

Fáànù yíjú kúrò lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Éjẹ́ǹtì fi ẹ̀yìn táì nu òógùn.

"Ó dáa. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀. Ẹ bọ́ sórí àga mi. Ẹ̀yin lọ̀gá wàyí, èmi ni mo wá wáṣẹ́. Ẹ máa wo bí mo ṣe ń dáhùn, kẹ́ ẹ fi kọ́gbọ́n."

"Ọ̀gá ibo ni mí?"

"Ọ̀gá ibí yìí! Ibí ṣáà ni. Ẹ má jẹ́ kó le."

Ó jáde, ó kanlẹ̀kùn. Kò gbọ́ ohùn. Ó tún un kàn. Ó ṣí i, ó sì tẹ ẹsẹ̀ kan wọlé.

"Ta ló ní kó o wọlé?"

Ẹsẹ̀ náà padà síta. Ó kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kẹta.

"Wọlé. Dúró síbẹ̀. Kí ni mò ń wò lẹ́sẹ̀ ẹ yìí?"

"Bàtà mi ni mà. Orúkọ mi ni..."

"Mi ò tíì bi ọ́ ní orúkọ. Bàtà yẹn ń dá ilẹ̀ mi lẹ́gbin."

"Ilẹ̀ yín?"

"Ta ló nilẹ̀?"

Éjẹ́ǹtì ronú díẹ̀. Òun ló gbé eré náà kalẹ̀, ojú sì ń tì í láti bà á jẹ́. "Ẹ̀yin ni mà."

"Aṣọ ìnulẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo rí i nígbà tí mò ń wọlé. Ó jọ pé òun náà ń wáṣẹ́."

"Màmá, ìbéèrè ló kù tẹ́ ẹ máa bi mí, kì í ṣe..."

"Ṣé báyìí ni kí n ṣe máa dá ọ̀gá lóhùn lọ́la?"

Éjẹ́ǹtì ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sókè. Ó bọ́ bàtà. Ó rẹ aṣọ ìnulẹ̀ sómi, ó kúnlẹ̀, ó ń nulẹ̀. Ìkúnlẹ̀ tí ìyá aránṣọ rí nìyẹn. Táì pupa náà ń wọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ìrù.

"Igun yẹn."

"Mo ti nu igun yìí mà."

"O ti ṣẹ́jú sí i. Nù ún. Abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù ńkọ́?"

"Ọwọ́ ò lè dé abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù mà."

"Ìdọ̀tí dé ibẹ̀. Ṣé ó lọ́wọ́ jù ẹ́ lọ ni?"

Éjẹ́ǹtì dojúbolẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù títí dé èjìká. Lójijì ló pariwo.

"Awò mi! Awò tí mo fi ń kàwé! Mo ti sọ fún ìyàwó mi pé òun ló jókòó lé e!"

"Wò ó dáadáa, bóyá wàá rí ìyókù ọpọlọ ẹ níbẹ̀."

Ó fi awò náà sójú, eruku bò ó. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó tún dojúbolẹ̀. Ara ẹ̀ ti wọ iṣẹ́ náà báyìí. "Ṣé ó ti mọ́ mà?"

"Ó ń bọ̀ lọ́nà."

Ibi tí wọ́n bá a dé nìyẹn tí fóònù orí tábìlì fi dún. Ọwọ́ Éjẹ́ǹtì kún fún omi ìdọ̀tí.

"Màmá, ẹ bá mi gbé e! Ẹ ṣáà sọ pé kí wọ́n ní sùúrù díẹ̀. Ẹ má sọ nǹkan mìíràn!"

Màmá Fọ́ọ̀màn gbé fóònù sétí, ó fẹ̀yìn ti àga dáadáa.

"Hẹ́lò? Ẹ káàsán mà. Bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ náà nìyí. Ọ̀gá ibí? Èmi ni."

Aṣọ ìnulẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Éjẹ́ǹtì. "Màmá!"

"Rárá mà, kì í ṣe ìjà. Òṣìṣẹ́ mi kan ló ń nulẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ni ọsibítù? Háà! Ẹ kú iṣẹ́ o." Ó fi ọwọ́ bo fóònù. "Ìyá yẹn ni."

"Ìyá wo?"

"Èyí tó pè mí lólè."

"Kì í ṣe òun! Èmi ni mo pè yín lólè!"

"Ó ti bẹ̀ mí, mi ò ní bá a jà." Ó ṣí fóònù. "Ẹ má bínú mà. Obìnrin tó ń bọ̀ lọ́la? Mo mọ̀ ọ́n dénú. Ó mọṣẹ́. Ẹnu ẹ̀ ń yá díẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọṣẹ́. Kí n tó jẹ́ kó wá ṣáá, èmi náà fẹ́ bi yín ní nǹkan."

Éjẹ́ǹtì ń fi ìkúnlẹ̀ rìn bọ̀ wá sídìí tábìlì. "A kì í bi wọ́n! Àwọn ló ń bi wá!"

"Kí ló lé àwọn tó ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀? Ẹ ò mọ̀? Wọ́n kàn ń lọ ṣáá? Ẹ̀n-ẹ́n. Níbo ni wọ́n ti ń jókòó jẹun?" Ó gbọ́ èsì náà. Ojú ẹ̀ le. "Inú yàrá tí ìgbálẹ̀ wà. Àwọn àti ìgbálẹ̀ ló jọ ń jẹun."

"Màmá, ẹ fún mi ní fóònù. Ẹ jọ̀ọ́. Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ náà."

"Ẹ gbọ́ mi mà. Wọn ò sá fún iṣẹ́ yín. Yàrá ìgbálẹ̀ yẹn ni wọ́n ń sá fún. Bí wọ́n bá ń kó ìdọ̀tí yín látàárọ̀, kí wọ́n rí ibi tó ní fèrèsé jókòó sí. Bẹ́ ẹ bá wá ibẹ̀ fún wọn, màá rán obìnrin náà wá. Bí ò bá sí, kó jókòó sílé ẹ̀."

Éjẹ́ǹtì di ojú, ó ń dúró de ẹ̀gbin tó ń bọ̀.

"Yàrá tẹ́ ẹ̀ ń kó àga tó ti kán sí? Ó ní fèrèsé méjì? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣeun mà."

Éjẹ́ǹtì la ojú kan. "Wọ́n gbà?"

"Wọ́n gbà. Nulẹ̀." Ó tún fetí sí fóònù. "Ẹ̀n? Èmi kẹ̀? Háà, rárá o mà. Ẹ ṣeun gan-an ni. Kò ṣeé ṣe."

"Kí ni wọ́n ní? Màmá, kí ni wọ́n ní?"

Màmá Fọ́ọ̀màn fi àtẹ́lẹwọ́ bo fóònù. "Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ rí ẹni tó ń bọ̀ lọ́la mọ́. Wọ́n ní bí mo ṣe bá àwọn sọ ọ́ yìí, èmi gan-an làwọn fẹ́ kó wá jẹ́ olórí àwọn agbálẹ̀."

"Kí lẹ wá sọ?"

"Mo ní mo ti níṣẹ́."

Igbe tí Éjẹ́ǹtì ké yẹn, àwọn ọlọ́dà tó wà nísàlẹ̀ gbọ́ ọ. "IṢẸ́ WO?"

"Èyí. Ṣebí ìwọ lo fi mí jọ̀gá."

"Eré ni! Eré ni à ń ṣe!"

"Ìyá yẹn ò mọ̀ pé eré ni. Ṣé kí n wá máa purọ́ fún un?"

"Màmá! Ẹni tó ń bọ̀ lọ́la, ẹ̀yin ni! Ẹni tí wọ́n ń pè báyìí náà, ẹ̀yin ni! Ẹ̀yin méjèèjì lẹ kọ ara yín!"

Màmá Fọ́ọ̀màn wo fóònù. Ó wo ilẹ̀kùn tó jáde sí àtẹ̀gùn, àtẹ̀gùn tó jáde sí títì, títì tó lọ tààrà sọ́dọ̀ ọkọ ẹ̀.

"Yéè! Iyọ̀ mi! Ọkọ mi á máa wọ̀n ọ́n látàárọ̀ ṣúlẹ̀!" ló sọ.

"Ó kúkú ti parí," Éjẹ́ǹtì ní, ó jókòó sínú omi tó fi ń nulẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn. Kò tilẹ̀ sẹ́ni tó dá yín padà. Ẹ̀yin lẹ dá ara yín padà."

"Dúró ná." Màmá Fọ́ọ̀màn gbé fóònù sétí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń gbé ẹyin. "Wọ́n ṣì wà níbẹ̀."

"Kí ni wọ́n ń sọ?"

"Wọ́n ń rẹ́rìn-ín." Ó tún gbọ́ díẹ̀. "Ọwọ́ mi ò bo fóònù dáadáa. Wọ́n gbọ́ gbogbo ẹ̀, látorí olè títí dé orí iyọ̀. Wọ́n ní àwọn náà ní ọkọ tó ti fẹ̀yìntì nílé."

"Wọ́n wá ní kí ni?"

"Wọ́n ní kí n máa bọ̀ lọ́la, kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Éjẹ́ǹtì fò sókè, ó yọ̀ lórí ilẹ̀ tó nù, ó di tábìlì mú, ó ń jó pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. "A ti gbà á! A ti gbà á o! Màmá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn! Ẹ ní a dúpẹ́!"

"A dúpẹ́ mà," ni Màmá Fọ́ọ̀màn wí. "Ọ̀la ni kò ní ṣeé ṣe."

Ijó dúró.

"Kí n máa fi ibi tí mo wà sílẹ̀ lójijì kọ́ ni mo fi dàgbà mà. Bí mo bá ṣe é fún wọn níbí, ẹ̀yin náà á máa rò pé mo lè ṣe é fún yín. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan kí n fi palẹ̀ mọ́. Ọmọ kan wà níbí tí mò ń kọ́, kò tíì mọ igun."

Éjẹ́ǹtì kàn ń na ọwọ́ síwájú, ó ń na ọwọ́ sẹ́yìn.

"Wọ́n gbà?" ló fi ohùn kékeré bi í nígbà tí Màmá gbé fóònù sílẹ̀.

"Wọ́n ní irú èèyàn tí àwọn ń wá gan-an nìyẹn. Gbé fáànù yẹn kúrò níbẹ̀, jẹ́ ká rí abẹ́ ẹ̀."

Bọ́rọ̀ ṣe rí nìyẹn o. Ọ̀sẹ̀ kan tó tọrọ náà ò tíì pé. Láti ìgbà náà, àràárọ̀ ni Màmá Fọ́ọ̀màn ń gun àtẹ̀gùn yẹn lọ, bí wọ́n bá sì pe fóònù láti wá òṣìṣẹ́, òun ló ń gbé e, tó ń bi wọ́n níbi tí àwọn èèyàn wọn ti ń jẹun. Èyí tí kò bá lè dáhùn, á ní kó lọ ronú sí i. Éjẹ́ǹtì ní àwọn kan ń bínú, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n rán lọ, ẹnìkan ò tíì padà wá. Ìyá aránṣọ ṣì ń sọ tiẹ̀ kiri. Mo wá bi Màmá Fọ́ọ̀màn bóyá ọmọkùnrin náà ò bínú pé ó jókòó sórí àga òun títí di àkókò yìí. Ó ti ń gbé báàgì ẹ̀ láti máa lọ nígbà náà, ó yíjú padà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní:

"Bínú kẹ̀? Mo ti ṣèlérí fún un. Bó bá tẹra mọ́ṣẹ́ dáadáa títí dọjọ́ tí mò ń lọ, màá bá a wáṣẹ́."